Àwọn Àwo Orin Abẹ́òkúta Tí A Fẹ́ Kí Ẹ Gbọ́

Àríyànjiyàn ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wa gbé orin Masada wá sí yàrá wa ní Camp, ìyẹn ẹgbẹ́ John Zorn tó ń fi ohùn orin àwọn Júù ṣe jáàsì. Ó ní àwọn ará New York nìkan ló lè fi orin ìbílẹ̀ dán irú nǹkan tuntun bẹ́ẹ̀ wò. A ní irọ́ ni! Àmọ́ ta ló ṣe irú ẹ̀ ní Abẹ́òkúta? A bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti la kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ wàhálà inú ìwé orin: ohùn òyìnbó ni wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí, ọkọ á di ọkọ́ lẹ́nu ìjọ, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín pé kí lẹ ń wí. Bàbá yìí mú ohùn tí àwọn Ẹ̀gbá ti ń kọ tẹ́lẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí i. Lọ́dún 1922, ó gba orin 43 sílẹ̀ fún Zonophone ní London. Àwo náà ń ta pàrà bí àgbàdo inú iná. Ẹ fara dà á.

Fela ni ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nínú Confusion (1975), orin kan ṣoṣo ló gba ojú àwo méjèèjì. Dùrù Fela àti ìlù Tony Allen ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń wá ara wọn kiri bí ẹni tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Láfẹ́nwá. Ìbátan Fela náà ni Wọlé Ṣóyínká: òun àti Túnjí Oyèlànà ló gbé Unlimited Liability Company jáde lọ́dún 1983. Ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì ta ìjọba létí.

Àmọ́ Àyìnlá Ọmọwúrà ará Ìtòkò ló dùn wá jù. Kò lo gìtá, kò lo fèrè. Ìlù Adéwọlé Oníluọlá á ti dá a lóhùn kó tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí náírà dé lọ́dún 1973, ó kọrin nípa owó tuntun náà.

Ilé tí wọ́n ti ń pe àpàlà ní orin ọmọ ìta ni ọ̀kan nínú wa dàgbà sí. Kò mọ̀ pé bàbá àgbà rẹ̀ ní àwo Àyìnlá mọ́kànlá. Ẹ̀yìn ìgbà tí bàbá kú lọ́dún tó kọjá la rí wọn nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé, oòrùn ti tẹ̀ wọ́n. Mẹ́rin péré ló ṣì ń kọ. Nínú ọ̀kan, Àyìnlá ń bú ẹnì kan láìdárúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní, "Bàbá á mọ ẹni tó ń bá wí." A ò sọ nǹkan kan.

Àwo méje tó kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, bí ẹ bá mọ ẹni tó lè bá wa tẹ̀ wọ́n padà, ẹ kàn sí wa.