Ọ̀rọ̀ Púpọ̀ Kò Kún Agbọ̀n: Ìtúpalẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ẹnu nínú Ìwádìí Àwùjọ

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Olùwádìí tó ti ìgboro dé, tó gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ lọ́pọ̀ wákàtí, ni òwe yìí bá wí jù lọ. Ẹni tó lọ ka iye ilé tó wà ní àdúgbò kan mọ ohun tí yóò fi iye náà ṣe: yóò rò ó pọ̀, yóò pín in, yóò sì ya àtẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn yóò ṣe sí ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí owó àjọ, tó gba orí ikú ọkọ rẹ̀ kọjá, tó sì fi àbọ̀ sórí ọmọ tí kò wá kí i mọ́? Ìgbà tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá bá dé ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé gbígba ohùn sílẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ gan-an. Títú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ni iṣẹ́.

Fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, tó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn obìnrin ọjà fi ń kó owó wọn fún alájọ nígbà tí ilé ìfowópamọ́ wà ní ẹ̀bá ọjà kan náà. Ó bá obìnrin méjìlá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní, “Mo fọkàn tán an.” Òmíràn ní, “Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé.” Ẹ̀kẹta ní, “Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.” Nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ìwé rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yìí délé, ó jókòó, ó sì kọ́kọ́ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tó túmọ̀ rẹ̀ tán ni ìtúpalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rí lò: ‘trust’. Ó kà wọ́n, méjìlá pé géérégé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo obìnrin náà ló ní ‘trust’ nínú alájọ wọn. Orí kẹrin parí, iṣẹ́ bùṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó dùn ju kí gbogbo ìdáhùn bára mu lọ. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta ló wó pa pọ̀ di òkìtì kan, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ìbéèrè bí olùwádìí ṣe lè yẹra fún irú nǹkan báyìí ti pẹ́ nínú ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbépọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tó lókìkí jù lọ ti ìlú Amẹ́ríkà wá, láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ méjì kan, Barney Glaser àti Anselm Strauss. Àwọn méjèèjì wọ àwọn ilé ìwòsàn tó wà ní agbègbè San Francisco láti wo bí àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ẹbí àti aláìsàn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ikú bá ti súnmọ́ tòsí. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n rí. Nígbà mìíràn, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé aláìsàn ń lọ, òun nìkan ni kò mọ̀. Nígbà mìíràn, ó ti ń fura, ó sì ń dá ọgbọ́n láti tú àṣírí náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òun náà mọ̀, àwọn náà mọ̀, ṣùgbọ́n tọ̀tún-tòsì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀la àti òjò tó rọ̀ lánàá. Ìkẹrin ni kí ọ̀rọ̀ náà hàn sí gbangba, kí wọ́n sì jọ máa sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti aláìsàn tó ń lọ rí kò nílò kí ẹnì kan ṣàlàyé ìkẹta yẹn fún un.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ fà yọ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀. Wọn kò gbé ìsọ̀rí mẹ́rin náà lọ láti ilé. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, níbi tí ẹni tó ń kú kò ti lè mọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn wà láìmọ ara wọn. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí ibi tí ikú ti ń yára, kí wọ́n tó dé wọ́ọ̀dù àrùn jẹjẹrẹ, níbi tó ti máa ń falẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ní ibì kan ló ń sọ ibi tó kàn fún wọn. Bí wọ́n ti ń gbọ́ ni wọ́n ń tú u palẹ̀, bí wọ́n sì ti ń tú u palẹ̀ ni wọ́n ń padà lọ gbọ́ sí i. Ní ọdún 1967, wọ́n kọ ìwé kejì láti fi ṣàlàyé ọ̀nà yìí, èyí tó ṣeé pè ní tíọ́rì tó ti inú ẹ̀rí hù jáde.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ lò ó, iṣẹ́ sùúrù ni. Yóò da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí ìwé bó ti jáde lẹ́nu, kò ní yọ ìkọ́hùn kúrò, kò ní yọ ẹ̀rín. Yóò kà á ní àkàtúnkà. Lẹ́yìn náà, yóò mú un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò sì fún ohun tó wà nínú ìlà náà lórúkọ. Bó bá rí ìlà mìíràn tó jọ ọ́, yóò gbé méjèèjì ka iwájú ara wọn, yóò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré tó bá rí ló máa ń bí ìsọ̀rí tuntun. Yóò máa kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ti ń lọ, nítorí èrò òwúrọ̀ kì í dúró di alẹ́. Ìgbà tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tuntun kò bá mú ohun tuntun wá mọ́ ni yóò tó dáwọ́ dúró. Nínú gbogbo orúkọ tó lè fún ìsọ̀rí, èyí tó dára jù ni èyí tó ti ẹnu ẹni tó sọ̀rọ̀ jáde.

Àwọn tó dá ọ̀nà yìí sílẹ̀ pàápàá kò jọ rìn dé òpin. Ní 1990, Strauss àti Juliet Corbin gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà kan jáde, tó la ìgbésẹ̀ ìtúpalẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Glaser fi ìwé mìíràn fèsì ní 1992. Ó ní irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi tipátipá ti ẹ̀rí wọ inú àgbá tí wọ́n ti kàn sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò lè rò pé ìjà àwọn àgbà kò kan òun, àmọ́ ìjà náà gan-an ló wà nínú yàrá rẹ̀ lóru ọjọ́ tó kọ ‘trust’ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé jù ti Fásitì Ifẹ̀ wá, èyí tó di Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Olùkọ́ ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì méjì níbẹ̀, Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, àti J. Olúbí Ṣódípò, tọ àwọn oníṣègùn kan lọ ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ṣáájú àkókò wọn, àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó kan ti sọ ọ́ títí pé ìgbàgbọ́ lásán ló kún orí àwọn ará Áfíríkà, pé wọn kì í béèrè ẹ̀rí kí wọ́n tó gba nǹkan. Hallen àti Ṣódípò kò bi àwọn oníṣègùn náà pé kí ni wọ́n gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni wọ́n gbé ka iwájú wọn: mọ̀ àti gbà gbọ́. Ìgbà wo ni ènìyàn lè sọ pé òun mọ̀? Ìgbà wo ló yẹ kó sọ pé òun gbà á gbọ́? Yorùbá ni wọ́n fi jíròrò, wọ́n gba ohùn sílẹ̀, wọ́n dà á kọ ní Yorùbá, wọ́n sì padà lọ béèrè ohun tí kò yé wọn. Ẹlẹgbẹ́ nínú ìjíròrò ni wọ́n pe àwọn oníṣègùn náà.

Èsì rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Lójú àwọn oníṣègùn yìí, ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó mọ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ẹnu bàbá rẹ̀ tàbí ti olùkọ́, ìgbàgbọ́ ni. Ó gbà, ó sì gbọ́. Bó bá dán an wò, tó fojú rí i, nígbà náà ló tó di ìmọ̀. Wàyí o, ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yóò ní òun ‘knows’ pé ayé ń yí oòrùn po, nígbà tó jẹ́ pé inú ìwé ló ti kà á. Bí a bá fi òṣùwọ̀n oníṣègùn wọ̀n ọ́n, ìgbàgbọ́ ni èyí. Àwọn tí wọ́n sọ pé wọn kì í béèrè ẹ̀rí ni òṣùwọ̀n wọn le jù! Ká ní àwọn olùwádìí méjèèjì ti kọ́kọ́ sọ ìgbàgbọ́ di ‘belief’, kí wọ́n tó tú u palẹ̀, kò sí ibi tí wọn ì bá ti rí èyí.

Quine, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ irú èyí ní 1960. Ó ní kí ènìyàn fojú inú wo àlejò kan tó dé ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn. Ehoro sáré kọjá, ará ìlú náà sì ní “gavagai”. Àlejò á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ‘ehoro’. Ta ló sọ fún un pé kì í ṣe apá kan lára ehoro, tàbí ìgbà kan nínú ayé ehoro, ni onítọ̀hún ń pè bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ fi ojú tó mú wo iṣẹ́ Hallen àti Ṣódípò náà. Lójoojúmọ́ ni Yorùbá ń sọ pé àwọn mọ̀ pé Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó wà láyé tó fojú rí i. Ọ̀rọ̀ tí àgbà oníṣègùn sọ nígbà tí wọ́n ní kó ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan lè yàtọ̀ sí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà lórí oúnjẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì sì ti fi ọwọ́ tirẹ̀ kan ìgbàgbọ́, débi pé onígbàgbọ́ ti di orúkọ ẹlẹ́sìn kan. Èyí kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ̀rí tí wọ́n fi síwájú òǹkàwé ló jẹ́ kí ó ṣeé jiyàn lé lórí; ta ni yóò bá ‘trust’ méjìlá jiyàn?

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn kò ṣeé fò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé nítorí máàkì ìdánwò ni olùkọ́ ṣe ń yọ àwọn lẹ́nu lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń wá ọ̀rọ̀ jáde nínú àkójọ wọn, ẹni tó da ọ̀rọ̀ kọ láìfi àmì sí i, tó sì ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo ibi tí “mọ̀” wà jọ, yóò rí ẹni tó mọ̀wé, aṣọ tó mọ́ àti ògiri tí wọ́n mọ lójú kan náà. Ẹ̀rọ kò ní bínú, kò sì ní bi í. Bákan náà ni ti ẹ̀ka èdè. Àgbà Èkìtì sọ pé ulé, akẹ́kọ̀ọ́ kọ ilé, ó rò pé òun ń tún un ṣe. Bó ti yí fáwẹ́lì padà lónìí ni yóò yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà lọ́la, nígbà tó bá dé orí èyí tí kò ní ojúgbà nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹni tó sọ ọ́ lè ti kú nígbà náà, kí ó máà sí ẹni tí wọn yóò padà bi mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ inú àpẹẹrẹ yìí ṣì ní àǹfààní. Ká ní olùkọ́ rẹ̀ dá ìwé náà padà fún un, tó ní kó lọ ka Yorùbá rẹ̀. Ó kà á, ó rí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì padà sí ọjà. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá tó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé alájọ.

“Ìyá, ẹ ṣeun lọ́jọ́sí. Ohun tí ẹ sọ nípa alájọ yín ni mo bá wá. Ṣé ẹ fọkàn tán an ni?”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ṣé mo sọ pé mo fọkàn tán an ni? Òun nìkan ló ń yà ní ìsọ̀ mi lójoojúmọ́, ilé ìfowópamọ́ kì í wá. Òun náà ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí lóru, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kà.”

Akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”