Ẹ̀dá Lórí Ìtàgé

Àwọn àgbà ní àwáyé-àìkú kò sí. Eré kan wà tí a gbé ka orí ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì ti rin ìrìn-àjò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ikú wá pe ọkùnrin kan láti lọ jíhìn. Ó ń wá ẹni tí yóò sìn ín. Ọ̀rẹ́ kọ̀, ẹbí kọ̀, ọrọ̀ pàápàá kọ̀. Iṣẹ́ rere nìkan ni ó bá a dé ibojì.

Ní òpin ọ̀rúndún 15, èdè Dutch, tí í ṣe ìyá èdè Afrikaans, ni a fi kọ ọ́, wọ́n pè é ní Elckerlijc. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di Everyman. Ó pẹ́ tí ó ti sùn sínú ìwé kí William Poel tó gbé e padà sójú agbo ní 1901. Ní 1911, Hugo von Hofmannsthal fi èdè Jámánì tún un kọ; láti 1920 ni wọ́n sì ti ń ṣe é níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Salzburg.

Níhìn-ín ní Accra, Efua Sutherland, ẹni tí ó dá Ghana Drama Studio sílẹ̀ ní 1961, sọ ọ́ di Odasani. Ní 1965, Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo mú ti Hofmannsthal, ó sọ ọ́ di Ẹ̀dá. Ẹ wo orúkọ méjèèjì yìí. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wí pé ‘ènìyàn kọ̀ọ̀kan’ gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Yúróòpù ti wí. Ọmọ ènìyàn ni Odasani lédè Akan. Nígbà tí Yorùbá bá sì pe ‘Ẹ̀dá’, a ti rántí Ẹlẹ́dàá. Àlejò ni eré náà nígbà tí ó wọlé, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé.

Ní ilé-ìwé kan tí mo bẹ̀ wò, ọmọkùnrin kan ń ṣe Ikú lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka ìsirò. Mo ní kí ó sọ ọ́ lédè Ga. Ojú rẹ̀ yí padà, ohùn rẹ̀ wúwo, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ ohun tí ẹ óò wí: Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, èdè sì pọ̀ nínú kíláàsì kan. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀rẹ́ bá sọ Twi, tí Ẹbí sọ Ewe, tí Ọrọ̀ sì sọ Yorùbá, kí ni ó bàjẹ́? Ikú kì í béèrè èdè kí ó tó wọlé.

Wọ́n wó Drama Studio nítorí National Theatre tí wọ́n ṣí ní 1992. Irú rẹ̀ mìíràn ni wọ́n kọ́ sí Yunifásítì ní Legon. Ilé ṣeé wó, ó sì ṣeé tún kọ́. Èdè tí ọmọ kò bá gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ kò rọrùn láti tún kọ́ bẹ́ẹ̀.