Rírin Ni Gbogbo Iṣẹ́

Ní Mowe, Ìyá Gàrí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ibafo kò sì mọ orúkọ mìíràn fún un. Ifo ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, láyé ìgbà tó jẹ́ páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ni wọ́n fi ń rin gbágùúdá, tí wọ́n á gbé òkúta lé àpò kí omi lè ro. Ọwọ́ a máa bó. Ẹ̀rọ dé, jáàkì tẹ̀ lé e, ara sì tu àwọn oníṣẹ́ gàrí.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ kó tó kàn án. Àwọn Potogí ló gbé gbágùúdá wá láti Brazil, ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà àti Sàró tó padà dé láti oko ẹrú láàárín àwọn ọdún 1800 wà lára àwọn tó tan gàrí yíyan kálẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Ifo kọjá, ọjà Èkó sì súnmọ́ oko. Nígbà ogun Hitler, ìjọba amúnisìn ń fi ipá dá iye lé gàrí l'Ékòó, Alimotu Pelewura tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà sì kó wọn jọ, wọ́n fárígá. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ló wá gbé oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà Mowe àti Ibafo.

Ohun tí ìyá yìí ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni pé rírin ni gbogbo iṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Nínú gbágùúdá tútù ni linamarin wà, èyí tí májèlé sáyánáìdì so mọ́. Énsáìmù tó lè tú u, linamarase, wà nínú gbágùúdá kan náà, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ìgbà tí eyín ẹ̀rọ bá fọ́ gbogbo rẹ̀ túútúú ni wọ́n tó pàdé. Énsáìmù á já linamarin, ṣúgà á bọ́ sápá kan, sáyánáìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: omi tó ro gbé díẹ̀ lọ lábẹ́ jáàkì, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù bá ooru agbada lọ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Gàrí fi máa ń bu èyí tí wọ́n rin sáàárín ìka, á fi àtàǹpàkò rà á. Bó bá kan kókó, ẹnu ẹ̀rọ ló ń padà sí.

Énsáìmù kò fẹ́ ooru àpọ̀jù. Ẹni tó bá se gbágùúdá kó tó rin ín ti pa linamarase. Énsáìmù inú ara wa náà rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara kò fi ń jẹ́ kí ooru inú òun jìnnà sí 37°C. Ẹ wo àwọn obìnrin tó jókòó ti agbada láti òwúrọ̀: ọpọlọ á mọ̀ pé ara ń gbóná, á ní kí wọ́n làágùn, òùngbẹ á gbẹ wọ́n, kíndìnrín á sì dín omi inú ìtọ̀ kù. Ìyá Gàrí kì í jẹ́ kí ike omi jìnnà sí wọn.

Sáyánáìdì díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù nínú gàrí ńkọ́? Nínú ẹ̀dọ̀, énsáìmù rhodanese á so súfúrù mọ́ ọn, á di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà ló ń fún ara ní súfúrù yẹn. Láàárín àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ní Ìbàdàn yẹ àwọn aláìsàn wò tó jẹ́ pé gbágùúdá ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ń kú, ìrìn wọn kò dúró déédéé, ojú ń ṣú, etí ń di. Ó so àìsàn náà mọ́ sáyánáìdì inú oúnjẹ wọn, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1968.

Nítorí náà, bí oníbàárà tó ń kánjú bá ní, "Ìyá, ẹ bá wa yan án lónìí, ọkọ̀ ń dúró," èsì kan náà ni: "Ẹ má bínú, ọmọ mi, omi rẹ̀ kò tíì ro tán. Ọ̀tunla ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu gàrí láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi àti ṣúgà nìkan mu ún. Ẹ wá ẹja yíyan, àkàrà tàbí ẹ̀pà sí i.