“Irrationnel” kì í ṣe nọ́ńbà aláìnírònú



Àwa olùkọ́ ìṣirò ní agbègbè Adja-Ouèrè ń rí i lọ́dọọdún, bí ìdánwò BEPC bá ti ń sún mọ́lé, pé ọ̀rọ̀ méjì ń da àwọn ọmọ kíláàsì troisième láàmú: rationnel àti irrationnel. Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwa náà, òun náà la sì fi ń kọ́ wọn. Ọmọ tó bá gbọ́ “irrationnel”, ohun tí kò bọ́gbọ́n mu ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Á kọ́ ọ sórí, kò sì ní yé e.

Ratio, ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n ti fa méjèèjì yọ, ń tọ́ka sí làákàyè, ó sì tún ń tọ́ka sí fífi iye kan wé òmíràn. Èkejì ni tìṣirò. Àwa ní ọ̀rọ̀ fún un nílé: ìpín. Bí onílẹ̀ bá gba ìdá kan nínú mẹ́ta àgbàdo, tí ẹni tó roko gba ìdá méjì, 1/3 àti 2/3 nìyẹn. Nọ́ńbà tó bá ṣeé kọ báyìí, nọ́ńbà odidi lórí odidi, onípìn-ín ni. Èyí tí kò bá ṣeé kọ bẹ́ẹ̀, aláìnípìn-ín ni.

Ẹ má fi gígùn dá wọn mọ̀ o. 1/3 di 0,333…. 1/7 di 0,142857142857… Wọn kò lópin, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń yí padà wá bí ọjọ́ ọjà. Ti aláìnípìn-ín kì í yí padà bẹ́ẹ̀, kì í sì í tán.

Ẹ wo kantí kan, ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà 20. Ẹ ta okùn láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́. Gígùn okùn náà jẹ́ 20 lọ́nà √2, nǹkan bíi mítà 28 àti sẹ̀ǹtímítà 28. √2 lọ́nà ara rẹ̀ ni 2. Ẹ jẹ́ ká wá ìpín tó bá a mu. 7/5 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 49/25. Ó ku ẹyọ kan kó pé 50/25. 17/12 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 289/144. Ó fi ẹyọ kan ju 288/144 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Ìpín tí a ti dín kù títí tí kò ṣeé dín mọ́, bí a bá sọ ọ́ lọ́nà ara rẹ̀, kò ní ṣeé dín síbẹ̀, kò sì lè di 2 gbáko.

Ẹ̀rọ ìṣirò á kọ 1,414213562, á dúró. Àyè ló tán lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà náà kò tán. Fún oko, ó tó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kọ √2 = 1,414 nínú ìdánwò ti sọ ọ́ di onípìn-ín, máàkì rẹ̀ á sì lọ.

Àmì √ nìkan kò tó ẹ̀rí: √9 jẹ́ 3. 22/7 tí à ń lò dípò π, onípìn-ín ni. Π fúnra rẹ̀ kò nípìn-ín, Johann Heinrich Lambert ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1761.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń ka ìwé lálẹ́, ẹ bi í ní èdè ilé: “Ṣé èyí ṣeé kọ bí ìpín?” Bó bá lè dáhùn, tó sì lè sọ ìdí rẹ̀, ó ti yé e nìyẹn. Orúkọ Faransé kò ní ṣòro fún un mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Nàìjíríà, kí lẹ̀yin ń pè é fún àwọn ọmọ tiyín?