Oògùn Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, bí oògùn bá jẹ́ fún Lágbájá, kò dandan kí ó jẹ́ fún Tàmẹ̀dù. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà ni a fi ń bá yín sọ ọ́.

Àrùn yìí kò ṣe àjèjì ní ilé wa. Bàbá wa ní Ìkàrẹ́ ní in, àbúrò wọn, Bàbá Ọ̀kà, náà ní in. Oògùn kan náà, metformin, ni dókítà kọ fún àwọn méjèèjì. Ṣúgà Bàbá wa wálẹ̀. Ti Bàbá Ọ̀kà kò wálẹ̀ tó. Ni ẹbí bá ní iyán ni wọ́n ń jẹ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí ń ṣàìsàn tún di ẹlẹ́bi.

Òótọ́ ni pé oúnjẹ lè ba iṣẹ́ oògùn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kí á tó so yìgì, a máa ń yẹ jẹnotáìpù wò, bóyá AA ni, AS tàbí SS. Ogún bàbá àti ìyá ni. Irú ogún bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ń sọ bí ara yóò ṣe gba oògùn. Metformin ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹnu ọ̀nà tí ó ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní OCT1. Ti ẹlòmíràn há láti inú ìran wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bí èyí ṣe ń dín agbára oògùn kù tó.

Aládùúgbò kan ní kí á fi glibenclamide tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, ránṣẹ́ sí Ọ̀kà. A kọ̀. Oògùn yẹn ń mú kí ara tú insulin jáde. Èròjà kan nínú ẹ̀dọ̀, CYP2C9, wà lára ohun tí ń fọ́ ọ. Bí èyí tí ènìyàn jogún bá lọ́ra, oògùn lè pẹ́ lára, kí ṣúgà sì já wálẹ̀ kọjá ààlà. Dókítà ni a mú Bàbá Ọ̀kà padà lọ bá. Ó fi oògùn mìíràn kún un, ṣúgà wọn sì wálẹ̀.

Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà kò jìnnà, síbẹ̀ ohùn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rí. Kò sí ibi tí àbùdá ènìyàn ti pé oríṣiríṣi tó ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ sì ni ara aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi àti Adebowale Adeyemo, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tí ń tún un ṣe. Àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò ní ilẹ̀ wa, ní Gánà àti ní Kẹ́ńyà. Ní 2019, wọ́n kéde àbùdá kan, ZRANB3, láti ara ènìyàn tó lé ní 5,000. Ẹni tí àrùn lè mú ni èyí ń tọ́ka sí. Kì í ṣe oògùn tí yóò bá a mu.

Nítorí náà, ẹ má yá ara yín ní oògùn. Bí ṣúgà kò bá wálẹ̀, ẹ mú èsì àyẹ̀wò padà lọ bá dókítà. Kí ẹni tó jẹ́ AS sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àyẹ̀wò ṣúgà oṣù mẹ́ta, HbA1c, lè fi tirẹ̀ hàn kéré ju bí ó ti rí lọ. Kí Ramadan tó dé, ẹ bi dókítà léèrè bí ẹ ó ṣe lo oògùn yín. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò yín, ẹ ṣínu. Súratul-Bákárà ti gba aláìsàn láyè láti san ààwẹ̀ padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ má sì pe aláìsàn ní ọ̀jẹun kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà. Àmín.