Ìdajì Bọ́ọ̀lù ní Pópó Yemọja

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ránṣẹ́ sí mi pé bí mi ò bá tètè wá wo òun ní Pópó Yemọja, inú fọ́tò ni màá ti máa wo òun. Èèyàn kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kó tún máa ṣírò owó ọkọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ẹbúté Mẹ́ta, mo sì sọ̀ ní Mọ́níyà. Ọkọ̀ náà tutù, ó mọ́, kò sì sí kòtò lójú irin. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ gbé ibùdókọ̀ Ìbàdàn sí Mọ́níyà, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé òun àti ará Ìbàdàn ní ẹjọ́ nílẹ̀. Maikírà méjì ni mo wọ̀ kí n tó dé Bẹẹrẹ. Nínú èkejì, àwa mẹ́rin la há sẹ́yìn, apá ẹnì kan sì wà lábẹ́ mi tí mi ò mọ ẹni tó ni ín.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ojú irin wọ aṣọ Chelsea. Kó tó di pé a dé Abẹ́òkúta, ó ti ṣàlàyé fún mi bí Cole Palmer ṣe gbá góòlù méjì sáwọ̀n PSG lọ́jọ́ 13 oṣù náà, nígbà tí Chelsea fi ayò mẹ́ta sí òdo gba ife àgbáyé àwọn kílọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà. Ó fi ọwọ́ júwe, ó fi ẹsẹ̀ júwe, díẹ̀ ló kù kó gbá kúlà ìyá kan tó wà níwájú wa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti máa wo ti alẹ́ òní?" Ó ní àwọn wo ló ń gbá? Mo ní Nàìjíríà àti Mòrókò ni, ní Rabat, àṣekágbá ife Áfíríkà. Ó ronú sí i. "Ẹ̀n-ẹ́n, àwọn obìnrin," ló wí, ó sì padà sórí Palmer.

Kò sẹ́ni tó lè gba Bẹẹrẹ kọjá lọ́jọ́ yẹn kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ oyè. Olúbàdàn, Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn, ti wàjà lọ́jọ́ 7 oṣù náà. Láti Bẹẹrẹ dé Mápó, oníṣọ̀ọ́bù ń ṣàlàyé fún alárù, alárù ń ṣàlàyé fún oníṣọ̀ọ́bù, bí àkàsọ̀ oyè Ìbàdàn ṣe ń lọ, bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Mo rìn gba Ọjà'ba dé Pópó Yemọja, níbi tí ilé òrìṣà tó fún àdúgbò náà lórúkọ wà. Ìyá Àgbà fi àmàlà àti gbẹ̀gìrì pàdé mi, ó ka gbogbo ẹni tó ti kú láti ìgbà tí mo ti wá gbẹ̀yìn fún mi, ó wá tún kí mi káàbọ̀.

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ kù díẹ̀ kó lù, mo ní mò ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Bàbá Alfa tó ń gbé yàrá iwájú gbọ́. Wọ́n bi mí pé, "Tí wọ́n bá gba ife náà tán, ṣé gaàrí á wálẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rán mi létí alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà gbá pẹnáritì ní Bouaké, tí àwọn kan nílẹ̀ yìí sì ti ìdí tẹlifíṣọ̀n kọjá sọ́run. "Eré tí ń pa òǹwòran," ni wọ́n wí, "ẹ̀ ń sanwó wò ó." Ti gaàrí yẹn, mi ò tíì rí èsì rẹ̀ dòní.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù náà ò ju ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Páànù ni òrùlé, páànù ni ògiri, wọ́n to bẹ́ǹṣì bíi ti ilé ẹ̀kọ́, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé. Wọ́n gbé pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìgbáradì àwọn kílọ́ọ̀bù Ìlú Ọba, èyí tí wọn kì í gba ife kankan nídìí rẹ̀, ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ gàdàgbà sókè. Ti Nàìjíríà wà nísàlẹ̀, ní igun, kékeré, bí orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ọmọkùnrin tó ni ibẹ̀ wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù obìnrin lẹ fẹ́ wò? Igba náírà." Mo san án.

Àwa tí a wà nínú ilé ò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi di ìwé tẹ́tẹ́ mú, Mòrókò ló ta á lé, torí ilé wọn ni wọ́n wà. Ní ìṣẹ́jú kẹtàlá, Ghizlane Chebbak gbá àkọ́kọ́ wọlé wa. Ní ìkẹrìnlélógún, Sanaa Mssoudy gbá èkejì. Ẹnu wá là. Ẹnì kan ní ìyàwó òun gbá bọ́ọ̀lù jù wọ́n lọ. Òmíràn ní ohun tó fà á náà nìyí tí òun kì í fi àkókò òun ṣòfò lórí obìnrin. Bẹ́ẹ̀, ikọ̀ ọkùnrin tí a ń torí wọn kú nídìí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n gba ife Áfíríkà: ọdún 1980, 1994 àti 2013. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń bú yìí ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láti ọdún 1998 kó tó di alẹ́ yẹn. Mo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, onílé ìwòran gbé rímóòtù, ó yí i sí bọ́ọ̀lù Ìlú Ọba kan tí wọ́n ti gbá láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ó bèèrè lọ́wọ́ ilé, "Ṣé kí n fi sílẹ̀?" Wọ́n ní kó fi sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí gbogbo wọn mọ bó ṣe parí! Mo dìde, mo ní kó fún mi lówó mi. Ó ní owó tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í jáde. Mo fi ìbínú jáde, orí mi sì kọ lu páànù.

Àwọn oníná ti mú iná wọn lọ láti ọ̀sán, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Sólà kékeré kan tí ọmọ Ìyá Àgbà fi ránṣẹ́ ló ń gbé tẹlifíṣọ̀n kan tí kò ju àwo ìsínjẹ lọ. Wọ́n gbé e sórí àpótí. Ìyá alákàrà jókòó sílẹ̀, ìyàwó ilé méjì àti ọmọbìnrin mẹ́rin rọ̀gbà yí i ká. Ìyá Àgbà wà lórí àga, ó gbé àtẹ lé itan, ó ń bó ẹ̀gúsí. Á fi èékánná tẹ etí ẹyọ kan, pá, á ju inú rẹ̀ sínú abọ́, á gbọn èèpo sílẹ̀.

"Àkànní, o ti dé? Wọ́n ti nà wá?"

"Méjì ni, mà."

"Ó ku ìṣẹ́jú mélòó?"

"Márùndínláàádọ́ta."

"Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà náà." Pá.

Ó wá ń sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. Ó ní lọ́dún 1976 tí IICC, kílọ́ọ̀bù Ìbàdàn, gba ife Áfíríkà ti àwọn kílọ́ọ̀bù, tí wọ́n di kílọ́ọ̀bù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó mú irú ife bẹ́ẹ̀ wálé, ọkọ òun kì í gbélé lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Muda Lawal lówùúrọ̀, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí lálẹ́. Òun bẹ̀ ẹ́ títí kó mú òun dání lọ sí pápá Liberty, kí òun náà fojú rí Muda tó ń pariwo rẹ̀. Ó ní ta ni yóò dáná? "Mo dáná," ni Ìyá Àgbà wí. Inú rédíò alájọgbélé ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n yí orúkọ pápá náà padà sí ti Awólọ́wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ ibẹ̀ rí.

Ó ti lé ní wákàtí kan tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí rẹfirí fún wa ní pẹnáritì. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni mò ń wò. Ẹyọ ẹ̀gúsí kan wà láàárín èékánná rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Esther Okoronkwo sáré wá, ó gbá a. Pá! Ẹ̀gúsí ló kọ́kọ́ dún, kí ariwo tó sọ.

Ìṣẹ́jú méje lẹ́yìn náà, èkejì wọlé. Ọmọbìnrin kan ka orúkọ ẹni tó gbá a jáde: Folashade Ijamilusi. "Ọmọ wa ni!" Ìyá Àgbà bèèrè ta ló bí i, ibo ni wọ́n ti wá, ṣé ìyá rẹ̀ ń wò ó báyìí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n bi mí léèrè Rasheedat Ajíbádé, balógun wọn, mo ní Múṣin ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ìyá alákàrà kígbe pé ilé ẹ̀gbọ́n òun wà ní Múṣin. Láti ìgbà yẹn, ìgbàkígbà tí Ajíbádé bá fara kan bọ́ọ̀lù, ìyá alákàrà á kí i bí ẹni pé wọ́n jọ pọn omi dàgbà. Mo ti wo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọkùnrin fún ọgbọ̀n ọdún, mo lè sọ iye tí wọ́n ra agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá ìyá Palmer ń wò ó.

Bàbá Alfa jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí a dín ariwo kù. Àkókò yẹn gan-an ni rẹfirí fún Mòrókò ní pẹnáritì. Bàbá dúró. Rẹfirí lọ wo àwòrán rẹ̀, ó wò ó títí, ó gbà á padà. Ta ló kọ́kọ́ pariwo "Alhamdulillahi"? Bàbá Alfa ni. Nígbà tí Jennifer Echegini gbá ẹ̀kẹta wọlé ní ìṣẹ́jú kejìdínláàádọ́rùn-ún, tọ́ọ̀ṣì wọn já bọ́, wọn ò wá a.

Ní ìta, àwọn ọkùnrin ti ń tú jáde láti ilé ìwòran bí eéṣú. Fóònù ẹnì kan ló tú àṣírí fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ta tẹ́tẹ́ lé Mòrókò ń pariwo ju gbogbo wọn lọ, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ti jóná. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Ààrẹ Tinubu kéde iye náírà tó tó 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ẹni Chelsea inú ọkọ̀ mi á ti mọ orúkọ wọn báyìí.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo gbé báàgì mi, Ìyá Àgbà di ẹ̀gúsí bíbó fún mi nínú ọ̀rá. Mo tún gba iwájú ilé ìwòran kọjá. Wọ́n ti nu pátákó. NIGERIA 3 MOROCCO 2, Ẹ WÁ TÚN UN WÒ, ₦200. Gàdàgbà. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́nu ọ̀nà, ó lé ní ogójì. Ọmọkùnrin náà rí mi, ojú tì í díẹ̀, ó sún mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sanwó o. Ẹ ti san tiyín lánàá, ìdajì yín ló kù."

Mo wo aago. Ọ̀nà Mọ́níyà jìn. Mo tẹ orí ba lábẹ́ páànù, mo wọlé.