Ọsàn Mẹ́rin Nínú Ife Kan

Sátidé kan ni mo pinnu pé mi ò ra júùsì páálí mọ́, ọwọ́ ara mi ni n ó fi máa fún ọsàn fún ọmọ. Mo gé ọsàn mẹ́rin, mo fún wọn, mo sẹ́ omi rẹ̀. Kò ju ife kan lọ. N kò tíì nu ọwọ́ tán tí ọmọ ọdún mẹ́ta yìí ti dà á mu tán, tó na ife sí mi: "Mọ́mì, mo tún fẹ́."

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá kí wa, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọn ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n họ ọsàn kan, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ọmọ ń fà á mu, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tu kóró sílẹ̀. Nígbà tí omi tán, ó ya á sí méjì, ó jẹ ẹran inú rẹ̀. Ọsàn kan ṣoṣo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ogún ìṣẹ́jú, kò sì béèrè òmíràn.

"Ìyàwó mi," ni màmá wí, "ta ló ń mu ọsàn mẹ́rin lórí ìdúró?"

Ẹ̀yin tí a jọ ń tọ́mọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a ò tilẹ̀ bu ṣúgà sí i, ṣúgà inú ife júùsì ọsàn kan á tó ṣíbí tíì márùn-ún. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ka ṣúgà inú júùsì mọ́ èyí tó yẹ ká dín kù, tí wọn ò sì ka ti odidi èso mọ́ ọn. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò nílò júùsì rárá. Láti ọdún 1 sí 3, kó má ju nǹkan bíi 120 mílílítà lọ lóòjọ́. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni tèmi dà mu kí n tó nuwọ́!

Ká má tíì sọ ti èyí tí a ń rọ sínú fídà kí ọmọ lè sùn. Orí eyín ni ṣúgà yẹn ń sùn sí. Páálí tí wọ́n sì kọ "fruit drink" sí lára, omi àti ṣúgà ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí ọsàn tí wọ́n yà sára rẹ̀ ti wù kó dán tó.

Mi ò ní júùsì di májèlé o. Ní ọjọ́ ìbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ún. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ tán, ẹ fún un lọ́sàn: fítámì C inú rẹ̀ ń jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ náà lò dáadáa. Bí òùngbẹ bá sì ń gbẹ ẹ́, omi wà nínú kúlà.

Màmá ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ kékeré wọn sílẹ̀ fún mi, mo sì ń fi họ ọsàn lálaalẹ́, gbágungbàgun. Lánàá, ọmọ gba ọsàn lọ́wọ́ mi, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ti màmá máa ń rí róbótó."